Ìbò Lẹ́yìn Ogun: Kí Ni Ẹni Tó Fìdí Rẹmi Wí?

Ẹ kú àpéjọ, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti ẹnu iṣẹ́ wá síbí, ẹ ṣé o, ẹ ò ní fi àárẹ̀ san án.

Obìnrin ará Làìbéríà kan wà tó máa ń dirun fún mi ní Orù-Ìjẹ̀bú, nítòsí àgọ́ àwọn ogunléndé tí wọ́n ti tẹ̀ dó síbẹ̀ láti ọdún 1990. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, mo jókòó síwájú rẹ̀, rédíò kékeré rẹ̀ wà lórí àpótí tó fi ń kó òwú àti ìyarun sí. Ìròyìn ìbò ilẹ̀ wọn ló ń wá kiri lórí rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti gbọ́ láàárọ̀ pé obìnrin ló ń léwájú, Ellen Johnson Sirleaf. Mo rò pé yóò pariwo ayọ̀. Kò pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ kàn dúró díẹ̀ lórí mi, ó wá bi mí pé: ẹni tó fìdí rẹmi ńkọ́, kí ló wí?

Mo ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ ìbò láti ìgbà náà, mo sì ti bá àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ jókòó, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ìbéèrè tó jù yẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ìbò ní ilẹ̀ tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, èyí ni kó fi sọ́kàn kó tó ra àpótí ìbò kan ṣoṣo. Ẹni tí yóò wọlé kò níṣòro, ìlù àti ijó ló ń dúró dè é. Ẹni tí kò ní wọlé ni gbogbo ètò náà wà fún: kó lè gbà, kó lè padà sílé, kó sì sùn láìfi ìbọn sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọ̀rọ̀ Làìbéríà ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí wọ́n ti rí ìdí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1985. Samuel Doe, ṣójà tí kò tíì di ọ̀gá kankan, ti fi ìbọn gba ìjọba ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1980. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó fẹ́ bọ́ aṣọ ṣójà kó wọ agbádá, ó wá ṣe ìbò ní oṣù kẹwàá. Àwọn èèyàn jáde, wọ́n tò, wọ́n dìbò. Ìgbà tí kíkà dé ni nǹkan yíwọ́. Wọ́n kó ìbò kúrò níbi tí aṣojú gbogbo ẹgbẹ́ ti lè rí i, wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 50 kan nínú gbọ̀ngàn, àwọn yẹn kà á, wọ́n jáde wá sọ pé Doe ní ìpín 50.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ará Làìbéríà ló gbà dòní pé Jackson Doe, òǹdíje alátakò tí kò bá Samuel Doe tan, ọmọ agbègbè Nimba lápá àríwá, ló wọlé. Kò tó oṣù kan tí Thomas Quiwonkpa, ọ̀gágun tó jẹ́ ọmọ Nimba náà, fi gbìyànjú láti fipá gbàjọba. Kò bọ́ sí i. Wọ́n pa á, àwọn ṣójà Samuel Doe sì tú sí Nimba, wọ́n ń pa àwọn ẹ̀yà Gio àti Mano bí ẹni pa ẹran.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 1989, nígbà tí Charles Taylor kó ọmọ ogun rẹ̀ gba Côte d'Ivoire wọlé, Nimba yẹn gan-an ló gbà wọ̀ ọ́. Kò ní láti wá ọmọ ogun lọ títí. Àwọn ọmọ tí wọ́n pa bàbá wọn lọ́dún 1985 ti ń dúró. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà dáwọ́ dúró díẹ̀, ó tún padà, ó sì fi ọdún 14 jẹ ilẹ̀ náà. Nǹkan bí 250,000 èèyàn ni wọ́n ní ó bá a lọ. Ogun náà ní gbòǹgbò púpọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wà nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ka ìbò.

Àwa níhìn-ín kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún wa. Ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965 ni ìbò Ìwọ̀-Oòrùn wa. Èsì tí wọ́n kéde kò bá ohun tójú rí mu, ni “wẹ́tìẹ̀” bá bẹ́ sílẹ̀, epo bẹntiróòlù lórí ilé, epo bẹntiróòlù lórí èèyàn. Kí oṣù kìíní ọdún 1966 tó parí, ṣójà ti gbàjọba. Àwọn tó wà láyé nígbà náà ṣì wà láàárín wa nínú gbọ̀ngàn yìí.

Ìbò ọdún 1997 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Wọ́n ti ṣe àdéhùn àlàáfíà ní Kútọnu lọ́dún 1993, ó yẹ̀. Wọ́n ṣe òmíràn ní Àbújá lọ́dún 1995, ó yẹ̀, wọ́n tún tún un ṣe ní Àbújá lọ́dún 1996. Àwọn ṣójà ECOMOG, ọmọ ogun àjùmọ̀ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ jù nínú wọn, tí Victor Malu sì ń darí, gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1997, àwọn ará Làìbéríà jáde dìbò. Taylor gba ìpín 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Sirleaf tó ṣe ipò kejì kò tó ìpín 10. Àwọn alábòójútó tó ti òkè òkun wá gbà pé ọjọ́ ìbò náà lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ẹ gbọ́ orin tí àwọn olùdìbò ń kọ ní Monrovia, olú-ìlú wọn: ó pa ìyá mi, ó pa bàbá mi, síbẹ̀ òun ni màá dìbò fún. Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n ní àwọn èèyàn náà kò gbọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bá wọn sọ ọ́. Wọ́n gbọ́n. Taylor ní rédíò tó dún dé gbogbo igbó, ó ní owó, ó ní ọkọ̀, àwọn ọmọ tó gbé ìbọn fún un ṣì ń pè é ní bàbá. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé bí kò bá wọlé, yóò padà sínú igbó. Wọ́n ti dáhùn ìbéèrè obìnrin onídìrí mi kí wọ́n tó tẹ̀ka: wọ́n mọ ohun tí ẹni tó fìdí rẹmi máa wí, àti ohun tó máa fi wí i. Ìbò tí wọ́n dì lọ́jọ́ náà, owó ìtanràn ni.

Ohun kejì tó ba ti 1997 jẹ́ ni pé àgbà kan jẹ àjẹìwẹ̀yìn. Ogun ti tú àwọn èèyàn ká, kò sí ẹkùn ìdìbò tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀, wọ́n wá ní kí oníkálukú dìbò fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n fi ìbò náà pín ipò ààrẹ àti ilé aṣòfin pọ̀. Ẹgbẹ́ Taylor kó ààrẹ, ó kó 49 nínú àga 64 ní ilé kékeré, ó kó 21 nínú 26 ní ilé àgbà. Kí ló kù fún àwọn yòókù láti jókòó lé? Lọ́dún 1999, ogun ti tún bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe Làìbéríà nìkan. Ní Àngólà, lọ́dún 1992, wọ́n dìbò nígbà tí ọmọ ogun ìjọba àti ti Jonas Savimbi ṣì wà lápá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Savimbi gba ìpín 40, ó wo ẹ̀yìn, ó rí àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó sì padà sójú ogun. Ọdún 2002 tí wọ́n pa á ni ogun tó tán. Mòsáḿbíìkì wo èyí, wọ́n sún ìbò tiwọn síwájú títí wọ́n fi tú àwọn ọmọ ogun ká, wọ́n dìbò ní oṣù kẹwàá ọdún 1994. Afonso Dhlakama, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ibẹ̀, fìdí rẹmi, ó kùn, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rẹ̀ wọ ilé aṣòfin lọ jókòó.

Ó dáa, ká padà sí Làìbéríà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2003, Taylor gbé ìjọba sílẹ̀, ó wọ bàálù wá sí Kàlàbá, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ló gbà á. Ọ̀pọ̀ wa ló bínú sí i nígbà náà, inú bí èmi náà. Nígbà tí mo wá rò ó dáadáa, mo rí i pé ìbò kankan kò lè wáyé tí ọkùnrin yẹn bá ṣì wà ní Monrovia. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn ní Accra, níbi tí Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ti ń là wọ́n níjà. Nínú àdéhùn yẹn, ìlà kan wà tí mo máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: alága ìjọba fìdí-hẹ, igbákejì rẹ̀ àti àwọn mínísítà pàtàkì kò gbọdọ̀ du ipò kankan nínú ìbò ọdún 2005. Lọ́dún 1997, àwọn olórí ogun jókòó nínú ìjọba fìdí-hẹ, wọ́n kàn kọ̀wé fipò sílẹ̀ nígbà tí ìbò kù dẹ̀dẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Gyude Bryant, oníṣòwò tí kò gbé ìbọn rí, ló jókòó sórí àga, ó sì mọ̀ pé àga náà kì í ṣe tòun.

Gbígba ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2003, àwọn ṣójà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣí àgọ́ kan ní Schieffelin nítòsí Monrovia, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun kó ìbọn wá. Èrò tó wá pọ̀ kọjá ohun tí wọ́n pèsè fún. Àwọn ọmọ náà ní kí wọ́n sanwó lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ di ìbọn yíyìn nínú ìlú, wọ́n dá a dúró di oṣù kẹrin ọdún 2004. Nígbà tí wọ́n parí lọ́dún náà, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ pé àwọn jagun lé ní 100,000, ìbọn tí wọ́n gbà kò tó 30,000. Ẹ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ẹlòmíràn kó ọta ìbọn díẹ̀ wá kó lè rí 300 dọ́là gbà. Síbẹ̀, èmi kò ní pe owó yẹn ní ìnákúnàá. Ọmọkùnrin tó bá ti forúkọ sílẹ̀, tó ń retí owó ilé ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́, ti ní ohun kan tí yóò pàdánù bó bá padà sínú igbó.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló tẹ̀lé e, èyí sì le ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ọdún 1984 ni wọ́n ti ka ènìyàn kẹ́yìn ní Làìbéríà. Ilé ti jó, ìwé ìbí ti jó mọ́ ọn. Ta ló jẹ́ ọmọ ilẹ̀? Ta ló ti pé ọdún 18? Àjọ elétò ìdìbò, tí Frances Johnson-Morris jẹ́ alága rẹ̀, forúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀ láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 2005. Ẹni tí kò níwèé, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń jẹ́rìí sí i. Ẹni tó ṣì wà ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé lè ní káwọn kọ orúkọ òun mọ́ ti kọ́ńtì (bí ìpínlẹ̀ níhìn-ín) tó ti wá. Wọ́n kọ orúkọ bíi 1,350,000, ìdajì wọn sì jẹ́ obìnrin. Ìdajì yẹn kò ṣèèṣì. Àwọn obìnrin tó fi aṣọ funfun jókòó lójú òòrùn lọ́dún 2003 títí ogun fi dá, tí Leymah Gbowee wà lára àwọn tó kó wọn jọ, àwọn náà ló wọ ọjà lọ, tí wọ́n ń bá ìyá ọlọ́jà ṣọ́ igbá kó lè lọ forúkọ sílẹ̀. Mo máa ń rí i lójú ọkàn mi, ẹnì kan tó ń bá ẹni tí kò mọ̀ rí ta ata.

Àwọn tó wà lẹ́yìn odi ni wọn kò rí tiwọn ṣe. Kò sí ibùdó ìdìbò fún ogunléndé nílẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò, kó wá sílé. Obìnrin onídìrí mi ní ọmọ mẹ́ta, kò sì ní owó ọkọ̀. Rédíò ló fi dìbò tiẹ̀. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ìbò kù dẹ̀dẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní àwọn òǹdíje kan tí àjọ ìdìbò ti já orúkọ wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè láti tún ìwé wọn ṣe. Ká ní àwọn òǹdíje náà takú ni, gbogbo ìwé ìdìbò tí wọ́n ti tẹ̀ ni à bá dà nù. Wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì jáwọ́. Ilé ẹjọ́ yẹn kan náà tún ní kí olùdìbò yan sẹ́nétọ̀ méjì dípò ẹyọ kan, wọ́n sì ní láti tún àwọn aráàlú kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìnira gbáà ni fún àwọn elétò. Ṣùgbọ́n gbogbo òǹdíje rí i pé ilé ẹjọ́ lè dá àjọ ìdìbò lóhùn, kí apá sì má ká a.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún 2005 ni wọ́n dìbò, ogójì ọdún géérégé sí ìbò wa tó bí wẹ́tìẹ̀. Àsìkò òjò ni. Ibùdó ìdìbò 3,070 ló wà, ojú ọ̀nà sì ti bàjẹ́. Hẹlikọ́pítà gbé àpótí lọ síbi tó lè balẹ̀, ọkọ̀ ojú omi gbé òmíràn, níbi tí méjèèjì kò dé, èèyàn rù ú lórí gba inú igbó. Òǹdíje 22 ló wà fún ipò ààrẹ, àwòrán oníkálukú wọn àti àmì ẹgbẹ́ wọn wà lórí ìwé, nítorí àwọn tí kò mọ̀wé kà.

Ibi kíkà ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká dúró sí. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lù, wọ́n ti ìlà. Inú kíláàsì ni, kò síná, àtùpà ni wọ́n gbé sórí tábìlì. Olórí ibùdó fi nọ́ńbà èdídì àpótí han àwọn aṣojú ẹgbẹ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sí èyí tí wọ́n kọ láàárọ̀, kó tó já a. Ó da ìwé sórí tábìlì. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sókè síhà iná, ó ń pe orúkọ. Ẹnì kan ń fa igi, mẹ́rin lóròó, ìkarùn-ún a dá wọn lábùú. Ìwé kan dé tí tàdáwà rẹ̀ kan àwòrán méjì: gbogbo orí sún mọ́ ọn, wọ́n jà á sí, wọ́n gbé e sápá kan. Nígbà tí wọ́n parí, àwọn aṣojú fọwọ́ sí ìwé èsì, oníkálukú gba ẹ̀dà tiẹ̀, wọ́n sì lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri níta, níbi tí ẹnikẹ́ni lè fi tọ́ọ̀ṣì kà á. Ògiri yẹn ni òdìkejì gbọ̀ngàn ọdún 1985. Ẹni tó fìdí rẹmi níbẹ̀ mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nídìí àtùpà, kì í ṣe láti ẹnu ọ̀tá rẹ̀.

George Weah, agbábọ́ọ̀lù tó gba àmì ẹ̀yẹ tó dára jùlọ lágbàáyé lọ́dún 1995, ló ṣáájú pẹ̀lú ìpín 28, Sirleaf tẹ̀lé e pẹ̀lú 19.8. Wọ́n tún pàdé ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, Sirleaf ní ìpín 59.4. Weah ní wọ́n yan òun jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tú síta, wọ́n ń pariwo pé bí kò bá sí Weah, kò sí àlàáfíà. Àkókò yẹn gan-an ni obìnrin onídìrí bi mí léèrè. Weah gbé ẹ̀sùn lọ síwájú àjọ ìdìbò, wọ́n gbọ́ ọ ní gbangba, kò sí ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀, ṣójà àgbáyé 15,000 sì wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní àga 15 ní ilé kékeré, ju ẹgbẹ́ èyíkéyìí lọ. Ti ààrẹ kò ju mẹ́jọ lọ. Kí ọdún tó parí, ó jáwọ́ nínú ẹ̀sùn náà. Ẹ mọ bí ayò ṣe rí: òpè tó bá mọ̀ pé wọ́n máa tún ọpọ́n tò kì í dojú ọpọ́n dé.

Èmi kò ní parọ́ fún yín pé àlàáfíà yìí kò gbówó lórí. Nínú ìbò yẹn kan náà, Prince Johnson, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dá Samuel Doe lóró títí ó fi kú lọ́dún 1990, di sẹ́nétọ̀ Nimba. Lọ́dún 2009, ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà ní kí wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn olórí ogun, ó tún ní kí wọ́n dí Sirleaf fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ipò fún ọgbọ̀n ọdún. Kò sí èyí tó ṣẹ. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ń rí apààyàn lórí tẹlifíṣọ̀n, agbádá lọ́rùn. Àyè tí a fi sílẹ̀ fún ẹni tó fìdí rẹmi, irú àwọn yìí náà ń gbà á wọlé. Mo gbà pé ó yẹ ká ti dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ọdún 2024 ni ààrẹ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n dá ọ́fíìsì tí yóò ṣètò rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún 2011 kò dáa: ẹgbẹ́ Weah yọwọ́ nínú ìpele kejì, ìbọn dún ní oríko ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbò, ẹ̀mí bá a lọ. Lọ́dún 2017, Charles Brumskine tó ṣe ipò kẹta gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ilé ẹjọ́ náà dá ìpele kejì dúró, gbogbo orílẹ̀-èdè sì jókòó dúró fún un. Oṣù kan gbáko. Ẹjọ́ náà kò gbè é, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àjọ náà lọ fọ ìwé orúkọ mọ́. Wọ́n dìbò lọ́jọ́ kejì Kérésì, Weah ló wọlé, ó borí Joseph Boakai, igbákejì Sirleaf. Láti ọdún 1944, irú ìgbà yẹn kò tíì wáyé tí ààrẹ tí wọ́n dìbò yàn ń gbé ìjọba fún ẹlòmíràn tí wọ́n dìbò yàn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Weah àti Boakai tún pàdé. Ìbò tó wà láàárín wọn lé díẹ̀ ní 20,000, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti pa èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ohun tó kéré sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ 17, kí àjọ ìdìbò tó ka gbogbo rẹ̀ tán, Weah bọ́ sórí rédíò. Ó ní òun ti pe Boakai, òun ti bá a yọ̀.

Obìnrin onídìrí mi ti padà sí Monrovia láti ọdún mélòó kan. Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí n tó la ẹnu, ó ní òun ti gbọ́, ìdí rédíò lòun wà. Ariwo àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a kò gbọ́ ara wa dáadáa. Ó ní kí n pe òun padà lọ́la.